Kíláàsì Àròkọ ní Kọ́múnítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú

Nígbà tí Joe Biden di ààrẹ Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2021, Jill, ìyàwó rẹ̀, kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe nígbà náà. Láti ọdún 2009 ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Northern Virginia Community College. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà ní ìpínlẹ̀ Delaware. Kódà nínú bàálù ìjọba, ó máa ń gbé àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ dání, á sì máa máàkì wọn lọ lójú ọ̀nà. Kò sí ìyàwó ààrẹ kankan ṣáájú rẹ̀ tó ń gba owó oṣù níbi iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lórí oyè.

Dókítà nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni obìnrin yìí. Ìwádìí tó fi gba oyè náà ní 2007 dá lórí ohun tí kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ṣe kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà sá kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn. Kì í ṣe pé ó wá ibòmíì tì. Ibẹ̀ ló yàn.

Ẹ wá wo tiwa. Níbi òde ìnáwó àwọn ọmọ Yorùbá ní Houston tàbí ní Maryland, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde: "Yunifásítì wo lọmọ yín wà báyìí?" Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Howard yóò dáhùn kí wọ́n tó béèrè tán. Ìyá tí ọmọ tiẹ̀ wà ní kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò ní, "Ó ṣì ń ṣe nǹkan kékeré kan ná, ẹ bá wa fi àdúrà sí i." Bí ọmọ ọ̀hún bá tún lọ sọ pé òun fẹ́ fi kíláàsì ìtàn kíkọ kún ohun tóun ń kọ́, wàhálà dé nìyẹn. Wọ́n á bi í bóyá ìtàn ni yóò fi san owó ilé. Àìmọ̀ ló ń fa ìwà méjèèjì, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára.

Kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì tí owó ìlú ń gbé ró. Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, ló pẹ́ jù nínú àwọn ti ìjọba tó ṣì wà títí dòní. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Harry Truman gbé kalẹ̀ dábàá ní 1947 pé kí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri, kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó lè kàwé nítòsí ilé. Lónìí, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. California nìkan ní 116. Kò sí ìdánwò bíi JAMB tó ń ti èèyàn mọ́ ìta; ẹni ọdún 18 lè wọlé, ẹni ọdún 60 náà lè wọlé. Dọ́là 46 ni ọmọ ìpínlẹ̀ California ń san lórí yúníìtì kan, èyí tó mú kí owó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oníyúníìtì mẹ́ta jẹ́ dọ́là 138. Ẹni tó bá ṣe dáadáa lè kó máàkì rẹ̀ lọ sí yunifásítì, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kẹta. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ibì kan wà nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí tí gbogbo ẹsẹ̀ ti ń pàdé, ìyẹn kíláàsì àròkọ tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè ní English 101. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣírò owó yóò gba ibẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yóò gba ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin Yorùbá tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Amẹ́ríkà, tó sì ń lépa àtidi nọ́ọ̀sì, mọ̀ pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, wọ́n ní láti kọ́kọ́ yege níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí àròkọ tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ nílé ẹ̀kọ́, èyí tí tíṣà á kọ àkòrí sójú pátákó, tí akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí bíírò pupa á gba orí rẹ̀ kọjá, tó sì parí síbẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó tó ti ń bọ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn arúgbó máa ń dá wà jù ní Amẹ́ríkà. Tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fa igi sí i. Ìbéèrè ni yóò kọ sí etí ìwé: ta lo rí, kí lo rí? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan yẹn á ti di odindi ojú ìwé kan, lórí bàbá kan tó máa ń so okùn bàtà rẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Sunday, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí ọmọ tí kì í wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ á kà á, á bi í pé, ó dáa, kí lo wá fẹ́ kí á ṣe sí i? Ó di dandan kó padà lọ wádìí iye tí ìjọba ń ná lórí àwọn arúgbó àti ẹni tí owó náà ń dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa kọ ìwé náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ní ohun kan láti sọ, ó sì ti mọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n yẹn ni nọ́ọ̀sì ń lò bó bá ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn lóru sílẹ̀ fún ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀.

Ẹni tó la ọ̀pọ̀ tíṣà lójú lórí iṣẹ́ yìí ni Mina Shaughnessy. Ní 1970, City University of New York ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà. Ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ Puerto Rico, ọmọ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun, gbogbo wọn ya wọlé. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kan ka ohun tí wọ́n kọ, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ní àwọn wọ̀nyí ò ṣeé kọ́. Shaughnessy, tó ń kọ́ni ní City College lábẹ́ yunifásítì náà, kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ láàárín 1970 sí 1974 jọ, ó jókòó tì wọ́n, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 1977, Errors and Expectations, fi hàn pé àṣìṣe àwọn èèyàn yìí nídìí. Wọ́n ń tẹ̀ lé òfin kan tí wọ́n rò pé ó wà, tíṣà tó bá sì wá òfin náà rí ló lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tètè lóye èyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà nítorí pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kọjá tàbí nítorí pé ẹni púpọ̀ ló ṣe é. Ẹni tó ra iṣu lánàá "rà" á, àwọn tó ra iṣu lọ́dún tó kọjá "rà" á. Bí ọmọ Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Baltimore bá gbàgbé ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe pé orí rẹ̀ ò pé. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ nílé ìwé. Iṣẹ́ mẹ́séńjà ló ń ṣe nígbà tí Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde fún un ní London ní 1952. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan bínú nígbà náà pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú tì wọ́n. Ìwé náà ṣì wà lórí àtẹ lónìí, wọ́n ṣì ń kà á ní yunifásítì lóríṣiríṣi ilẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún Tutuola pé kó máa dákẹ́ títí gírámà rẹ̀ yóò fi gún, ohun tí ayé ì bá pàdánù kò kéré.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra wọn sì ṣe pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yóò jókòó ṣe ìdánwò kúkúrú, lórí kọ̀ǹpútà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí máàkì rẹ̀ bá kéré, wọn ò ní jẹ́ kó wọ English 101. Wọ́n á ní kó lọ ṣe kíláàsì àtúnkọ́, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Yóò sanwó rẹ̀, kò sì ní kà mọ́ oyè tó ń wá. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò padà fojú kan English 101 mọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fìdí rẹmi. Àwọn kan yege kíláàsì àkọ́kọ́, àmọ́ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, ibi iṣẹ́ ti yí wákàtí wọn padà, tàbí ìyá ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Peter Adams, olùkọ́ ní Community College of Baltimore County ní Maryland, ló wo ọ̀rọ̀ yìí ní àwòfín. Ní 2007, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun kan. Wọ́n mú àwọn tí ìdánwò sọ pé wọn ò tó, wọ́n fi wọ́n sí English 101 tààrà pẹ̀lú àwọn tó yege. Bí kíláàsì bá parí, tíṣà kan náà yóò tún kó àwọn díẹ̀ yẹn jọ, wọ́n á jọ yẹ iṣẹ́ ọjọ́ náà wò, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, ì báà jẹ́ gírámà, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé. Àwọn olùwádìí láti Community College Research Center, tó wà ní Teachers College ti Columbia University, fi wọ́n wé àwọn tó gba ọ̀nà àtijọ́. Àwọn tó wà nínú ètò tuntun yìí ló ń yege English 101 jù, ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré.

Florida ṣòfin ní 2013 tó sọ kíláàsì àtúnkọ́ di ohun tó bá wu ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe. California ṣe tirẹ̀ ní 2017, òfin AB 705, tó ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa wo máàkì ilé ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n sì yéé ju èèyàn sí àtúnkọ́ láìnídìí. Òfin tó dáa ni, ó sì ti pẹ́ tó yẹ kó dé. Ṣùgbọ́n àsìkò tí tíṣà fi ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn kíláàsì ni agbára ohun tí wọ́n ṣe ní Baltimore. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá ṣí ilẹ̀kùn English 101, tí kò sì sanwó fún àsìkò náà, ó kàn ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ sínú odò ni.

Ti àròkọ nìyẹn. Ti ìtàn àti ewì kíkọ ló wá ń dunni jù.

Ní Pasadena, California, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ ń tún ilé onílé ṣe kí wọ́n tó rí jẹ. Lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ ọmọ náà lójú bó bá ń kàwé, ojú sì ń tì í púpọ̀ láwùjọ. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó di akọ̀wé ọ́fíìsì, kó lè ríṣẹ́ tó dúró ṣe. Pasadena City College ló lọ, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kàwé lálẹ́. Níbẹ̀ ló ti gba ìdíje ìtàn kúkúrú tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ṣe. Dọ́là 15 ni wọ́n fún un, owó àkọ́kọ́ tó rí nídìí ìwé kíkọ. Níbẹ̀ náà ló ti gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú pé wọ́n ti tẹrí ba jù. Ó mọ ohun tí ìyá òun fojú rí níbi iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju bí ọmọkùnrin yẹn ṣe sọ ọ́ lọ. Ó gbé e sọ́kàn fún ọdún púpọ̀. Kindred ló fi dáhùn ní 1979, ìtàn obìnrin òde òní kan tó bá ara rẹ̀ lóko ẹrú ní Maryland ìgbà láéláé. Octavia Butler ni à ń sọ yìí. Oyè ọlọ́dún méjì ló gbà níbẹ̀ ní 1968. Ní 1995, ó gba owó ìrànwọ́ MacArthur, òun sì ni òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tó gbà á.

Òun nìkan kọ́. Oscar Hijuelos, tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá sí New York láti Cuba, ti Bronx Community College kọjá kó tó dé City College. Ní 1990, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer fún The Mambo Kings Play Songs of Love. Gwendolyn Brooks jáde ní Wilson Junior College ní Chicago ní 1936. Ní 1941, ó wọ kíláàsì ewì kan ní South Side Community Art Center, láàárín àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó di 1950, ó gba Pulitzer, kò sì sí aláwọ̀ dúdú kankan tó gba ẹ̀bùn náà ṣáájú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní di Butler. Wọn ò nílò láti dà á kí kíláàsì náà tó wúlò fún wọn. Ẹni tó bá ti jókòó kọ ìtàn, tó wá bí ìyá inú ìtàn náà yóò ṣe sọ̀rọ̀, tó rí i pé ẹni tí òun rò pé ó burú náà ní ìdí tirẹ̀, kò tún ní kọ àròkọ tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ méjèèjì mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni, pé kí èèyàn wo nǹkan dáadáa, kó sì wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Santa Monica College ní California ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà lítíréṣọ̀, Santa Monica Review, láti 1988, àwọn òǹkọ̀wé láti ibi gbogbo ní Amẹ́ríkà sì ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ síbẹ̀. Kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni ín.

Síbẹ̀, bí owó bá ti ń wọ́n, kíláàsì ìtàn kíkọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Pell Grant, owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn tí kò lówó, kì í san fún iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ètò oyè akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó fẹ́ kọ́ ewì, lè ní láti wá owó náà lápò ara rẹ̀. Àwọn aṣòfin ń bi kọ́lẹ́ẹ̀jì pé èèyàn mélòó ló gba oyè, mélòó ló ríṣẹ́, ìbéèrè tó yẹ ni. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ Stanford pé kí ló fẹ́ fi ewì ṣe. Ìwà ìrẹ́jẹ ni kí ọmọ olówó máa kọ́ ìtàn kíkọ, kí ọmọ òṣìṣẹ́ sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ nìkan.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń ka ìwé wọ̀nyí. Olùkọ́ gbére ní kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì sábà máa ń ní kíláàsì márùn-ún ní sáà kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 25 bá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròkọ 125 nìyẹn. Bó bá lo ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀kan, yóò lò ju wákàtí 41 lọ kó tó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. NCTE, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, ti sọ tipẹ́ pé kò yẹ kí kíláàsì àròkọ ju akẹ́kọ̀ọ́ 20 lọ. Ó tún lé ní ìdajì nínú àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí tó jẹ́ pátì-táìmù. Sáà sí sáà ni wọ́n ń gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ń sáré láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sí òmíràn lọ́jọ́ kan náà, inú ọkọ̀ wọn ni ọ́fíìsì wọn. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, iṣẹ́ wọn ti wá le sí i, torí wọ́n ní láti mọ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ohùn ẹ̀rọ. Ẹni tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 125, tí kò ní ibi tí yóò ti bá wọn jókòó, kò lè mọ ohùn wọn.

Irú ẹ̀kọ́ báyìí kò ṣàjèjì sílé. Nígbà tí University College Ìbàdàn ṣì kéré, ó ní ẹ̀ka Extra-Mural tí Robert Gardiner, ọmọ Ghana, bẹ̀rẹ̀ sí í darí ní 1949. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹ̀kọ́ lọ bá tíṣà àti akọ̀wé tí kò lè wọ yunifásítì, nílùú wọn, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ulli Beier, olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó dé Ìbàdàn ní 1950, kúrò nínú kíláàsì inú ọgbà lọ sí ẹ̀ka yìí. Lónìí, ọmọ wa tó fẹ́ wọ yunifásítì ń ṣe Use of English ti JAMB láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àwọn pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wa lè ṣí irú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ padà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, kò sì ní ná wọn ju yàrá kan àti tíṣà tó mọ̀wé kà lọ.

Ní ti àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà ti wà níkàáwọ́ wọn. Ní Houston, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, ìbò ni wọ́n fi ń yan àwọn mẹ́sàn-án tó ń darí Houston Community College. Ìpàdé wọn ṣí sílẹ̀ fún aráàlú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ẹ̀tọ́ láti dìbò níbẹ̀, ẹ lọ síbẹ̀. Nígbà tí olùdíje bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bi í pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wà nínú kíláàsì àròkọ kan, pé ta ló ń kọ́ wọn àti pé èló ló ń gbà, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá kíláàsì ìtàn kíkọ ṣì wà nínú ètò sáà tó ń bọ̀.